Ọmọ ń sọ̀rọ̀, etí wa ni kò sí nílé

Ó ti lé ní oṣù méjì báyìí tí ohùn mẹ́ta kan kò kúrò létí mi. Mí, dò, dò. Bí mo bá ń fọ abọ́, ó ń dún. Bí mo bá wọ mọ́tò láti Mọ́kọ́lá lọ sí Dùgbẹ̀, ó ń dún. Ohùn mẹ́ta yìí ni ọmọ mi fi ń bá wa sọ̀rọ̀ fún bí oṣù mẹ́rin, èmi tí mo bí i kò sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí wọra ni pé àsìkò yẹn gan-an ni mò ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ wọ́n sí. Ọmọ pé ọdún méjì, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà nínú ìwé: mámà, dádì, nó, àti "bó" tó ń pe bọ́ọ̀lù. Alaalẹ́ ni mò ń ṣí ìwé náà wò, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ karùn-ún lè ti wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́.

Àkànní ni oríkì rẹ̀. Òun ni mo máa fi pè é níbí.

## Ìmọ̀ràn tí a gbà

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni Àkànní nígbà tó wọ jẹ́lé-ó-sinmi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta níbẹ̀ tí Àǹtí tó ń mójú tó wọn fi pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ tí mo lọ mú un. Kò bá mi sọ ọ́ pẹ̀lú ìwọ̀sí rárá. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin, tèmi kàn ń wò wọ́n ni. Ó bi mí ní èdè tí a ń sọ nílé. Mo ní Yorùbá ni, a máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì là á. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń wá, pé èdè méjì ti dàrú mọ́ ọmọ lórí, kí a gbé Yorùbá tì ná títí ọ̀rọ̀ yóò fi yọ lẹ́nu rẹ̀.

A gbà bẹ́ẹ̀, èmi àti bàbá rẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun gbẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́?

Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́, Gẹ̀ẹ́sì ọ́fíìsì ni. Mo lè fi kọ lẹ́tà sí ọ̀gá mi. Mo lè fi ṣàlàyé ìṣirò owó fún oníbàárà títí yóò fi yé e. N kò ní Gẹ̀ẹ́sì tí mo lè fi wẹ ọmọ. N kò ní èyí tí mo lè fi rẹ̀ ẹ́ nígbà tí eyín bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, tàbí èyí tí mo lè fi bá a ṣeré nígbà tó bá tọ̀ sí mi lára. Nígbà tó jẹ́ Yorùbá ni mò ń sọ sí i, bí mo bá ń fi òrí pa á lára, ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo ń kì í, mo ń bá àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, mo ń bi ikùn rẹ̀ léèrè ohun tó jẹ, èmi náà ni mo sì ń fi ohùn kékeré dáhùn fún ikùn. Nígbà tó di Gẹ̀ẹ́sì, ohun tó ṣẹ́ kù kò ju jókòó, wá, má fọwọ́ kàn án, sọ pé o ṣeun. Àṣẹ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ìtàkùrọ̀sọ kankan níbẹ̀.

Mo rò pé mo pààrọ̀ èdè ni. Àṣé mo ya odi.

Ilé dákẹ́, mo sì fi fóònù dí àlàfo náà. Mo ń gbé fídíò àwọn òyìnbó tó ń kọrin ọmọdé sí iwájú rẹ̀, mo ń sọ fún ara mi pé Gẹ̀ẹ́sì gidi nìyẹn, pé tiwọn dára ju tèmi lọ. Ó ń wò ó láì ṣẹ́jú. Kò sọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà nípa ìwádìí kan tí Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle, tẹ̀ jáde ní 2003. Àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé ni wọ́n lò. Wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, nígbà 12. Àwọn kan gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó jókòó tì wọ́n, tó ń kàwé fún wọn, tó ń fi nǹkan ìṣeré hàn wọ́n. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn kan náà, ṣùgbọ́n inú fídíò ni. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó rí èèyàn lójúkojú mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn ìró èdè náà. Àwọn tó wo fídíò kò kọ́ nǹkan kan. Ohùn kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ ojú tó ń wò wọ́n padà ni kò sí.

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti gbọ́ òwe yìí títí, níbi ìpàdé ẹbí, níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà tọkọtaya. N kò rò ó rí pé ó kan ọmọ ọwọ́.

## Ìka kan ṣoṣo

Ikọ́ ni a tìtorí rẹ̀ dé ibùdó ìlera lọ́sẹ̀ tí Àkànní pé ọdún méjì. Nọ́ọ̀sì tó rí wa ti dàgbà díẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n fi nǹkan yẹ àyà rẹ̀ wò, wọ́n kọ oògùn, wọ́n wá bi mí pé báwo ló ṣe ń sọ̀rọ̀ sí. Mo yọ ìwé mi jáde. Wọn ò tilẹ̀ wo ìwé náà.

"Ṣé ó máa ń nàka sí nǹkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Bó bá fẹ́ bísíkíìtì, á nàka sí i."

"Ìyẹn dáa, Màmá. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń bi yín ni pé, ṣé ó máa ń nàka sí ohun tí kò fẹ́ gbà? Pé kí ẹ̀yin náà kàn bá òun wò ó?"

N kò mọ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wá inú orí mi. Èmi tí mo mọ iye ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ mi lórí, n kò mọ̀ bóyá ó ti fi nǹkan hàn mí rí.

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ìka méjèèjì yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ tó nàka sí bísíkíìtì ń lo ẹ̀yin bí ẹni lo ọ̀pá tí wọ́n fi ń já ọsàn. Ọmọ tó nàka sí ẹyẹ, tó wá yíjú wo ojú yín, ti mọ̀ pé inú yín yàtọ̀ sí inú òun, pé ohun tí òun rí lè má tíì dé ojú yín, pé òun lè fi ìka gbé e dé ibẹ̀. Orí ìpìlẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ máa ń kọ́lé sí. Nínú àtẹ ìdàgbàsókè ọmọdé tí CDC, àjọ ìdènà àrùn ti Amẹ́ríkà, fi síta fún àwọn òbí, nínàka sí nǹkan láti tọrọ rẹ̀ wà lábẹ́ oṣù 15, nínàka láti fi ohun tó dùn ún wò han ẹlòmíràn sì wà lábẹ́ oṣù 18. Kódà lábẹ́ oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n kọ gbígbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè gbé e. Nígbà tí mo kà á, ẹnu mi ló parí rẹ̀: ọmọ tó bá ṣípá ni à ń gbé.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n bi mí nípa ìbí rẹ̀. Mo ní ojú àti ara rẹ̀ pọ́n lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n fi í sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n kọ̀wé kí n lọ yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ibà pọ́njú bẹ́ẹ̀, bó bá le, lè ba ìgbọ́ràn ọmọ tuntun jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá fún wa ní ilé ìwòsàn ńlá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn gùn.

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn tí a ti ibẹ̀ dé, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mò ń ṣa ẹ̀wà. Alángbá kan gun orí fẹ́ǹsì, ó ń mi orí. Àkànní dìde. Ó na ìka kan ṣoṣo sí i. Ó wá yíjú, ó wò mí lójú, ó tún wo alángbá, ó tún wò mí. Kò sunkún. Kò fẹ́ kí n mú un fún òun. Ó kàn dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìka rẹ̀ lókè, ó ń retí.

Mo wá Gẹ̀ẹ́sì tí mo máa fi dá a lóhùn, orúkọ alángbá nìkan ni mo rí. Ni Yorùbá bá ya jáde lẹ́nu mi lẹ́yìn oṣù mẹ́rin: "Háà! Alángbá mà ni! Wo bó ṣe ń mirí! Ta ló ń kí? Àkànní ló ń kí!" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sáré wá gbá mi lẹ́sẹ̀ mú. Mo rántí pé mo wo ẹ̀yìn, bí ẹni tó rú òfin.

## Màámi ní ẹnu ọ̀nà

Nígbà tí Màámi gbọ́ lórí fóònù pé a fẹ́ lọ yẹ etí ọmọ wò, wọn ò dúró kí n pè wọ́n. Wọ́n wọ mọ́tò láti Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kejì. Mo ṣàlàyé òfin ilé fún wọn pé a ò sọ Yorùbá sí ọmọ náà mọ́. Màámi ò ka ìwé kọjá pírámárì mẹ́fà. Wọ́n wò mí títí.

"Kí n wá máa sọ kí ni sí i?"

N kò rí èsì. Ọjọ́ kìíní, wọ́n gbìyànjú láti pa òfin mi mọ́, wọ́n kàn ń fọwọ́ pa á lórí láìsọ nǹkan. Ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo gbọ́ ohùn wọn nínú yàrá, wọ́n ń ki Àkànní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Mo dúró ní pálọ̀. N kò wọlé lọ dá wọn dúró.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ohun tí mò ń sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bàbá Àkànní ń lọ síbi iṣẹ́. Màámi gbé ọmọ sí ìbàdí, a dúró ní ẹnu géètì. Mọ́tò ṣí kúrò, Àkànní bá gbé ọwọ́ sókè, ó ní: "Ọ́-ọ̀-ọ̀."

Lójú ẹsẹ̀ ni Màámi dáhùn: "Ẹn-ẹ́n! Ó dàbọ̀ fún wọn! O káre, ọkọ mi."

Mo ní, "Màámi, kò sọ nǹkan kan o. Bó ṣe máa ń pariwo nìyẹn."

Wọ́n yíjú sí mi. "Ta ló ń pariwo? Ó dágbére fún bàbá rẹ̀. Ìwọ ò gbọ́ ni?" Wọ́n wá pa ẹnu dé, wọ́n fi imú kùn ún bí ẹni tó ń fi gángan sọ̀rọ̀: òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ó dàbọ̀. Àkànní wò wọ́n lẹ́nu, ó sì tún un wí: òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe bó ṣe rí lára mi. Láti bí oṣù mẹ́rin ló ti ń ṣe ohùn yẹn ní ẹnu géètì kan náà, ní àràárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ohun tí àgbàlagbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò rí i lórí ìdúró. Èmi tí mo wà lórí ìdúró ní gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, fáwẹ́lì àti kọ́ńsónáǹtì ni mò ń dúró dè. Mo ń retí kí ó sọ "báì-báì" kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìlù dùndún kò ní ètè, kò ní ahọ́n, kò ní eyín. Kò sí kọ́ńsónáǹtì kan tó lè pè. Ohùn nìkan ló ní, síbẹ̀ bí àyàn bá fi kì yín lóde ìnáwó, ẹ ó kọwọ́ bàpò. Ẹnikẹ́ni kì í sọ fún dùndún pé ariwo lò ń pa. Ọmọ tó ń kọ́ èdè wa ní ilẹ̀ Yorùbá ní ẹ̀tọ́ sí irú etí bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní 1977, Charles Li àti Sandra Thompson tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí àwọn ọmọ tó ń kọ́ Mandarin jáde. Wọ́n rí i pé àwọn ọmọ náà máa ń mọ ohùn ọ̀rọ̀ pè dáadáa kí wọ́n tó mọ àwọn ìró rẹ̀ yòókù pè. Orin ọ̀rọ̀ ló ń ṣáájú, ara ọ̀rọ̀ a wá tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé Màámi kiri inú ilé. Ọmọ ṣí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ní "ò-í." Màámi ní, "Kò sí mọ́? Ó ti tán?" Ó gbé abọ́ fún mi, ó ní "ẹ-é." Màámi ní, "Ó ń sọ pé ẹ ṣé." Ó dúró níwájú wọn, ó ní "é-i," wọ́n tẹ̀ sílẹ̀ gbé e. Mo bi wọ́n ní ohun tó rú mi lójú. Bó bá sọ ohùn òkè méjì, "ó-ó," ó lè jẹ́ ó tó, ó lè jẹ́ ó tán. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ èyí tó ń sọ?

Wọ́n ní, "Ṣé etí nìkan lo fi ń gbọ́rọ̀ ni? Wo ojú rẹ̀."

Bí àwọn tó gbọ́ èdè ìlù ṣe ń mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ìlù kan lè ní ìtumọ̀ mẹ́ta, ibi tí wọ́n ti ń lù ú, ẹni tí wọ́n ń lù ú fún, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ń yan ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ Màámi yìí ló so ìka alángbá mọ́ ohùn ẹnu géètì fún mi. Ẹni tí kò wo ibi tí ọmọ ń wò kò lè gbọ́ ohun tí ọmọ ń sọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo kọ ọ̀rọ̀ méje tuntun sínú ìwé mi. Gbogbo wọn ti wà nílé tẹ́lẹ̀.

## Etí tó gbọ́ orin, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀

Mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ apá yìí, nítorí pé ìtàn Màámi dùn, adùn rẹ̀ sì lè mú ẹlòmíràn jókòó sílé.

Lọ́jọ́ tí a dé ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò etí, mo fi ayọ̀ sọ fún ẹni tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé ọmọ náà ń gbọ́ràn, àní ó ń pe ohùn ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní ìdí mìíràn nìyẹn tí ó fi yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní etí mìíràn wà tó ń gbọ́ ìró tó wúwo, tí kì í gbọ́ èyí tó tinrín. Ohùn èèyàn tó ń lọ sókè sódò á wọ irú etí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n "s" àti "f" àti "ṣ" àti "t" á sá fún un. Ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa yíjú bí ẹ bá pè é, á máa jó sí orin, á sì máa sọ̀rọ̀ tí ara rẹ̀ kò pé, nítorí pé bó ṣe ń gbọ́ ọ náà nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí. Ohun tí mo fi ń yọ̀ gan-an lè jẹ́ àmì àìsàn.

Etí Àkànní dá pé. Mo sunkún nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà, Màámi ń fi ìborùn wọn nù mí lójú.

Gbogbo ìdílé kọ́ ni yóò gbọ́ irú èsì bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò wa kan ní ọmọbìnrin kan tí etí rẹ̀ ń ṣọyún láti kékeré. Alágídí ni gbogbo èèyàn ń pe ọmọ náà. Wọ́n ń nà án pé wọ́n ń pè é, kò dáhùn. Ó ti wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ẹnìkan tó mọ̀ pé kì í gbọ́. Mo máa ń ronú sí iye pàṣán tí ọmọ yẹn jẹ lórí ọ̀rọ̀ tí kò dé etí rẹ̀.

Bí ọmọ kò bá tètè sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé á ní ìka ò dọ́gba. Wọ́n á ní ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kí ó tó sọ. Wọ́n sọ fún èmi náà pé kí n fi agogo bu omi fún un mu. Ẹlòmíràn ní kí n jẹ́ kí wọ́n gé okùn abẹ́ ahọ́n rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń lá yọ̀, ahọ́n rẹ̀ ń dé ibi tó fẹ́ dé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ náà ni pé ìka ò dọ́gba. Ṣùgbọ́n àìtètè mólè, olè ń mólóko. Ọmọ tí kò bá yíjú sí orúkọ rẹ̀ nígbà tó ti pé oṣù mẹ́sàn-án, ọmọ tó pé ọdún kan àti ààbọ̀ tí kò na ìka fi nǹkan kan han ẹnikẹ́ni, ọmọ tó ti ń sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà wá ń pòórá lẹ́nu rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò kì í pa ọmọ. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ ó sunkún ayọ̀ bíi tèmi. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, àsìkò tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì rọ̀ ni ìrànlọ́wọ́ ń ṣiṣẹ́ jù.

## Ohun tí àtẹ náà kò bi wá

Mo fẹ́ràn àtẹ CDC yẹn. Ní oṣù Èrèlé 2022 ni wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi oṣù 15 àti oṣù 30 kún un, wọ́n sì kọ ọ́ kí ó jẹ́ ohun tí ó kéré tán ọmọ 75 nínú 100 máa lè ṣe ní ọjọ́ orí yẹn. Nítorí náà, bí ọmọ yín kò bá lè ṣe é, kì í ṣe ohun tí a ń fọwọ́ lù láyà pé á dáa.

Ọmọ ilé wọn ni wọ́n fi ṣe é, ohun tí ilé wọn ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ló sì wà níbẹ̀. Ilé tiwa ń béèrè nǹkan mìíràn pẹ̀lú. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ọkùnrin ni ẹni tí ó ń sọ nípa rẹ̀ tàbí obìnrin. Ọmọ tiwa kò ní ìyọnu yẹn, "ó" kan ṣoṣo ló fi ń pe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ Yorùbá tó lè bá èèyàn kan sọ̀rọ̀ ní tààrà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ẹni tó jù ú lọ. Ṣé "o" ni àbí "ẹ"? Ẹ̀gbọ́n ni èyí àbí àbúrò? Ẹ wo iṣẹ́ tí a gbé lé ọmọ ọdún méjì lọ́wọ́: kí ó wo ojú èèyàn, kí ó wọn ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó sì yan ọ̀rọ̀ tó bá a mu, kí ó tó la ẹnu. Kò sí àtẹ tó bi mí bóyá Àkànní ti ń kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, bẹ́ẹ̀ Màámi kò tíì lo ìṣẹ́jú kan nílé mi tí wọ́n fi bi mí.

Àwọn bàbá wa pàápàá ní ìwọ̀n tiwọn fún ọmọ tó fẹ́ wọ ilé-ìwé: kí ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí ó fi kan etí òsì. Ọwọ́ Màámi kò kan án lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n dá wọn padà sílé. Wọ́n ṣì máa ń sọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn. Èmi kò mọ ohun tí gígùn apá ń sọ nípa ọgbọ́n orí, ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ tó etí ti fi bí ọdún mẹ́fà gbọ́ àlọ́, ó ti fi bojúbojú kọ́ bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn, Yorùbá ti jinná lẹ́nu rẹ̀. A wá ń mú tiwa lọ ní ọdún kan àti ààbọ̀, a sì ń gba èdè yẹn lẹ́nu rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà.

Ní 1970, Babs Fafunwa, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n tètè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún nìyẹn, ó sì ṣẹlẹ̀ níhìn-ín, kò jìnnà sí Ìbàdàn. Síbẹ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi ní ẹnu géètì jẹ́lé-ó-sinmi ni pé kí n gbé èdè mi tì.

Èdè méjì kì í dí ọmọ lẹ́nu. Nígbà tí mo padà lọ bá nọ́ọ̀sì náà, wọ́n ní kí n ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Yorùbá rẹ̀ pọ̀, kí n sì ka ohunkóhun tó bá ń pe nǹkan kan ní orúkọ kan náà nígbà gbogbo, bí kò tilẹ̀ mọ́ gaara. Mo bi wọ́n pé ṣé "ọ́-ọ̀-ọ̀" wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ó ti wọlé tipẹ́, Màmá."

Mo lọ bá Àǹtí pẹ̀lú. Mo fi sùúrù sọ fún un pé Yorùbá ni a ó máa sọ nílé, kí òun máa sọ Gẹ̀ẹ́sì sí i lọ́dọ̀ wọn. Mo kọ́ ọ ní "ó dàbọ̀" ti Àkànní, ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó gbọ́, ó ní òun náà ti ń gbọ́ ohùn yẹn lọ́sàn-án nígbà tí ọmọ bá ń lọ sílé. Ojú rẹ̀ yí padà bí tèmi ṣe yí padà níjọ́ náà.

Ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta ni Àkànní báyìí. "B" ti wọ inú ó dàbọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ méjì sọ gbólóhùn àkọ́kọ́ nígbà tí mọ́tò ṣí: "Bàbá lọ." Ó ṣì wà lẹ́yìn díẹ̀, mo mọ̀, a ó sì padà lọ fún àyẹ̀wò nígbà tó bá pé oṣù 30. N kò lo ìwé kékeré yẹn mọ́. Bó bá nàka, mo máa ń fi ohun tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀ láti wo ohun tó ń wò.

Lánàá, alángbá tún gun orí fẹ́ǹsì. Àkànní rìn lọ bá a, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì rọra pè é bó ṣe ń gbọ́ tí a ń pe Màámi: "Ẹ wá. Ẹ wá." N kò tíì sọ fún un pé a kì í fi "ẹ" pe alángbá.